Omi Àgbọn Àlàájà Qúdrát

Sàláúdéènì tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Bẹ́yẹrúnkà kì í ṣe ẹni tí àìsàn lè pa ẹ̀rín mọ́ lẹ́nu. Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, tó di pé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ló ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn, ó ṣì ń bá àwọn aránṣọ ṣàwàdà ní ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ nìkan ló ń bà á nínú jẹ́. Bertha, obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn níbẹ̀, ti ṣàlàyé fún òun àti Kúbúrá, ìyàwó rẹ̀, pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù wà nínú oúnjẹ, ó sì pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti iṣu. Kíndìnrín ló ń tì í jáde lára. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa kóra jọ sí, ó sì lè dá ọkàn ènìyàn dúró.

"Dòdò, ó dìgbóṣe," ni Sàláúdéènì wí.

Kúbúrá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn kò wọlé wọn mọ́. Bó bá fẹ́ se iṣu, á gé e wẹ́wẹ́, á sè é nínú omi púpọ̀, á da omi náà nù, á tún bu òmíràn sí i, torí omi àkọ́kọ́ ló ń gbé púpọ̀ nínú pọtásíọ̀mù náà lọ. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ wò, ńṣe ni pọtásíọ̀mù náà ń ga sí i. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sàláúdéènì ń tú ìdí ẹ̀rọ kan nígbà tí irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Àwọn aránṣọ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n ní pọtásíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Kúbúrá fa àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Mutmainnah, kí lẹ ń jẹ tí mi ò mọ̀?"

Sàláúdéènì wo àjà. "N ò jẹ nǹkan kan. Mímu ni mò ń mu. Omi àgbọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀."

Àlàájà Qúdrát, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Kúdẹtì, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹnì kan ló sọ fún Àlàájà pé omi àgbọn ń fọ kíndìnrín.

"Ẹ ò sì lè sọ fún wọn?"

"Ojú wo ni kí n fi wò wọ́n, kí n ní mi ò mu nǹkan tí wọ́n gbé láti Kúdẹtì wá?"

Inú ń bí Kúbúrá, àmọ́ ẹ̀rín ló jáde. Kò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn dé ọ̀dọ̀ Bertha.

"Àlàájà, omi àgbọn kò burú fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́," Bertha sọ fún un. "Àmọ́ pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò tì í jáde lára àbúrò yín."

Àlàájà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ẹ́ pa àbúrò mi?"

"Ẹ ò mọ̀ ni, Mà. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọ̀, ẹ ó bá wa ṣọ́ ọ."

"Ó yá, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ fún mi. Ẹ rọra máa sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, Sàláúdéènì kò ríbi sá sí. Bàbá Oyèdélé, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà ló na ọwọ́ gbà á.

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Àwa la máa bá a jẹ ẹ́."

Obìnrin kan láti Ìdí Arère gbé omi ewé ugwu wá, ó ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Àlàájà ní kó jókòó, kó mu ún fúnra rẹ̀. Ó sì mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n tọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré wò."

"Tọ́ ahọ́n rẹ wò."

Nílé ìdáná, Àlàájà àti Kúbúrá kọ́kọ́ ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí iṣu tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù. Àlàájà ní adùn ti bá omi lọ. Ni wọ́n bá jọ dín àlùbọ́sà pẹ̀lú ata díẹ̀ lé e lórí, Sàláúdéènì sì lá àwo.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pọtásíọ̀mù ti wálẹ̀ síbi tó yẹ. Bertha ní ó lè máa jẹ ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni wọ́n wà, wọ́n ń gba Bẹẹrẹ lọ sílé, nígbà tí Sàláúdéènì yíjú sí àwọn obìnrin méjèèjì.

"Ègé tó wí yẹn, ṣé ńlá ni àbí kékeré?"

"Kékeré ni," wọ́n pa ẹnu pọ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀rín pa ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́.