Ìbọn Akínladé Ń Tàsé

Nígbà tí Awódélé yìnbọn sí túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà, lẹ́ẹ̀kẹta tí ọta tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Àwọn ará Ìdí-Obì kàn lọ wo ẹbu iṣu tí ẹranko náà hú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n mi orí, wọ́n sì gba ilé Olúọdẹ lọ.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò gùn. Ìgbẹ́ tó wà ní òdìkejì odò ni túùkú náà fi ṣe ilé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà Ìbòkun bá mọ́ tí ẹranko náà ṣì wà láàyè, wọn yóò ti iná bọ ìgbẹ́ náà, wọn yóò sì dúró dè é níbi tí yóò sá gbà jáde. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé oko kòkó Awódélé ló fẹ̀gbẹ́ kan ìgbẹ́ ọ̀hún. Ọyẹ́ ti mú kí ewé tó bo ilẹ̀ oko gbẹ bíi bébà. Bí iná bá dé ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè pa á. Ìyá Awódélé ló gbin kòkó yẹn. Òun ló fi tọ́ Awódélé dàgbà, òun náà ni Awódélé fi ń tọ́ Jésùtófúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà. Kò ní oko mìíràn.

Adétọ́lá, Olúọdẹ, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún un. “Awódélé, a ò bá ọ jà. Iṣu la fẹ́ jẹ.”

Ṣakabùlà ni àwọn ọdẹ yòókù ní. Túùkú náà ti jẹ ọta wọn rí, ó sì ti gbọ́n. Kì í jẹ́ kí èèyàn súnmọ́ òun mọ́. Àfẹ̀mọ́jú nìkan ló ń jáde síbi ẹrọ̀fọ̀ kan lókè odò, ibẹ̀ sì jìnnà ju ibi tí ṣakabùlà lè dé. Ìbọn Awódélé nìkan ló lè débẹ̀. Ráífù ni, èyí tí ń gba ọta kan ṣoṣo: bí a bá yìn ín tán, a ó ṣẹ́ ẹ lágbedeméjì, a ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Akínladé, bàbá rẹ̀, tó ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Nígbà ayé Akínladé, wọ́n máa ń sọ pé ìbọn yẹn kì í bá ẹran sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, ó ń sọ̀rọ̀, ẹran ni kò gbọ́.

Ẹni tí ohun iyebíye rẹ̀ bá sọnù a máa yẹ inú ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ ni Awódélé kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èèwọ̀ ọdẹ ni kí obìnrin ré ìbọn kọjá, ó sì bi Julianah bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Julianah ń gúnyán lọ́wọ́. Ó dá ọmọ odó dúró.

“Òkè àjà lẹ ń gbé ìbọn kọ́ sí, Bàbá Tófúnmi. Ṣé ẹyẹ ni mí tí mo fi máa ré e kọjá?”

Ojú ti Awódélé, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í tún ìbọn ṣe. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó pààrọ̀ ọta sí irú mìíràn tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Ó fi òòlù ti èèkàn irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn, èyí tí a fi ń wo ọ̀kánkán, sápá ọ̀tún. Ó fi rọ́bà wé ìdí ìbọn kó má baà máa ta á léjìká. Lẹ́yìn náà ló yìn ín sí ìdí ọ̀pẹ kan. Ọta náà kò kan ọ̀pẹ rárá.

Julianah ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Bí mo bá da iyọ̀, ata àti irú sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọbẹ̀ wá korò, èwo ni kí n bú nínú wọn? Ẹ tún nǹkan mẹ́ta ṣe pọ̀. Ọta lẹ fi ṣòfò yẹn.”

Inú bí Awódélé nítorí òótọ́ ni. Ó tú rọ́bà, ó dá irin padà sójú àmì tí bàbá rẹ̀ fi sí i, ó sì kó ọta tirẹ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn náà lọ sí Òṣogbo, lọ́dọ̀ Awwal, alágbẹ̀dẹ tó níwèé àṣẹ láti máa tún ìbọn ọdẹ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Awwal ṣí ìbọn náà, ó gbé e kọjú sí oòrùn, ó wo inú ọ̀pá irin rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ó ki àkísà bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, àkísà mọ́. Ó mì ín bóyá ibi tó ti ń ṣẹ́ ti yẹ̀, kò yẹ̀. Ó ní irin náà le ju irin tuntun lọ. Ìgbà náà ló fi ìka kan awọ tó wà láàárín ìbọn, tí wọ́n rán yí irin àti igi ká pọ̀, ó sì béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Awódélé ṣàlàyé fún un. Ní Ìdí-Obì, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a mú awọ ẹran tó pa kẹ́yìn, wọn a fi gbérí rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ tí wọ́n ya bíi ọ̀já, tẹ́ ẹ nínú, wọn a sì rán an ní tútù mọ́ ìbọn tó fi sílẹ̀, kí òkú lè máa bá alààyè di ìbọn mú. A kì í tú u. Ẹni tó bá tú u ti já ọwọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Awwal yọ ìka kúrò. Ó ní Mùsùlùmí lòun, ṣùgbọ́n ìyá àgbà òun ń bọ Ọ̀ṣun, òun mọ ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ó dá ìbọn padà. Ó ní kó lọ gbé e lé orí àpò iyanrìn, kó má fi èjìká nìkan gbé e, kó máa yìn ín sójú kan náà pẹ̀lú irú ọta kan náà, kó má tún ohunkóhun ṣe, kó kàn máa wo ibi tí ọta ń lọ.

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ọmọ òṣómàáló,” ó ní, “ẹ̀yin tí ẹ ń lóṣòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ lóṣòó ti ìbọn yín. Á jẹ́wọ́.”

Awódélé lóṣòó tì í. Ó fi ẹfun ya àmì sára pákó kan. Láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, ọta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú àmì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbọn sílẹ̀ lórí àpò, ó jókòó sábẹ́ òjìji, oòrùn sì ń mú. Lọ́sàn-án, ọta ti lọ sápá òsì. Nígbà tí oòrùn gbóná gan-an, ó tún lọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìbọn. Awọ náà ti le bí egungun. Ó mú koríko gbígbẹ kan, ó fẹ́ tì í bọ àárín awọ àti igi, kò wọlé. Ó wá rántí pé òun fi ìbọn yìí pa ẹran nígbà òjò, pé láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni òun kò ti pa nǹkan kan mọ́. Ó rẹ àkísà sómi, ó fi wé awọ náà títí ó fi rọ̀, ó sì tún yìn ín. Ọta padà sẹ́bàá àmì.

Awọ tó ń gbẹ ló ń fa ọ̀pá irin sápá kan. Kì í ṣe ojú rẹ̀, kì í ṣe ọta, kì í ṣe Julianah.

Èèyàn mìíràn ì bá mú ọ̀bẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Awódélé kò jẹ́ ṣe é. Ó fẹ́ gba oko là láìṣẹ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, ó fi omi rẹ awọ náà dáadáa, ó gba etí odò lọ ní àfẹ̀mọ́jú, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àpò iyanrìn rẹ̀. Túùkú kò tètè jáde. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ètè rẹ̀ ń là, ó sì ń gbọ́ tí awọ ń dún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń gbẹ. Nígbà tí ẹranko náà dé ojú ẹrọ̀fọ̀, ó yìn ín. Ẹrọ̀fọ̀ ta sókè lápá òsì. Túùkú wọgbó.

Nígbà tó délé, ọta méjì péré ló kù. Ó gbé ìbọn lé orí ẹsẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń wo awọ náà bí ẹni ń wo ojú òkú. Julianah wá jókòó tì í.

“Bàbá ló ń dì í mú,” Awódélé wí.

“Bàbá yín mọ ìbọn yìn nígbà ayé wọn,” Julianah dáhùn. “Ṣé ikú ló wá sọ wọ́n di òpè? Ẹni tó mọ ìbọn yìn kì í fà á lápá.” Ó di ẹnu ìbọn mú fún un. “Ẹ gé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwa méjèèjì la gé e.”

Ó gé e. Irin náà dún kín, bí ohun tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó fi ọta kan dán an wò nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó sì bọ́ sínú àmì. Ẹyọ kan ló kù. Ó gbé awọ náà, kò mọ ibi tí yóò fi sí. Kò lè jù ú nù, kò lè gbé e kọ́ ògiri. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó so ó mọ́ apá ara rẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ ọjà, àwọn ọdẹ ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ìgbẹ́ pẹ̀lú ìtùfù tí wọ́n ti tàn, wọ́n ń retí kí ojúmọ́ là tán. Awódélé ń gbọ́ òórùn epo ìtùfù láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó tẹ ìdí ìbọn mọ́ èjìká. Túùkú náà yọ imú, ó gbóòórùn, ó fẹ́ padà. Ó tún gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. Awódélé fa ìbọn.

Ẹranko náà ṣubú lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ké.

Awódélé kọjá odò lọ bá a, Adétọ́lá ló sì kọ́kọ́ dé bá a níbẹ̀. Ó wo ẹran, ó wo ìbọn. Òrùka funfun kan wà lára igi ìbọn, níbi tí oòrùn kò tí ì dé láti ìgbà tí Akínladé ti kú.

“Níbo ni bàbá rẹ wà?”

Awódélé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi awọ náà hàn án, ó sì sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí i. Àgbà náà gbọ́ ọ tán. Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ti ìtùfù bọ odò. Iná kú lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èéfín.

“O ti gba oko rẹ là,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kú, tí a bá ń yìnbọn ẹ̀yẹ, ìbọn tí kò ní bàbá lára kò ní bá tiwa dún. Títí kan ọjọ́ tí èmi bá kú.”

Adétọ́lá ló kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Awódélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀.

“Mo gbọ́, bàbá.”

Ó bá Julianah lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó. Obìnrin náà ti ń gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ààlà, ó ti la ilẹ̀ gbòòrò kan sílẹ̀ bí ọ̀nà, kí iná má baà rí ohun tí yóò gbà kọjá. Ó béèrè bóyá túùkú náà kú. Awódélé ní ó kú. Julianah dúpẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gbá ewé lọ. Ó ní ọyẹ́ ò tí ì lọ.

Awódélé gbé ìbọn ti ara igi kan, ó mú àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì. Oòrùn ti yọ. Awọ náà ti ń gbẹ, ó ń fún apá rẹ̀ pinpin. Kò tú u.