Kànga Márùn-ún Ràsáàkì

Ní ọdún 1983, ọ̀dá mú ní Àgọ́-Àmọ́dù débi pé odò tí gbogbo ìlú ń pọn ku yanrìn. Ńṣe ni àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ wa yanrìn náà, tí wọ́n á sì jókòó tì í kí omi tó sun díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, iná ń jó oko. Ẹni tó bá mọ kànga gbẹ́ lásìkò yẹn, ọba kékeré ni.

Ràsáàkì mọ kànga gbẹ́, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn ìyẹn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lè wo ojú ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kó ní òun ò ní ráyè. "Ẹ fọkàn balẹ̀, màá dé ọ̀dọ̀ yín," ló máa ń wí. Ó wí i fún Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé tó ń tọ́jú àwọn aboyún ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó wí i fún Tíṣà Adégbénró ní ilé ìwé, ó wí i fún àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, ó sì wí i fún Ládòkun, bàbá ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Alájì Àpọ́nlé, tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu lọ Ìbàdàn, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tún wí i.

Kí inú gbogbo wọn lè dùn, ó bẹ̀rẹ̀ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, òun àti Ìyápọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a fa okùn, á wà ní ilé ìwé. Lọ́la, wọ́n á ru okùn, garawa, dígà àti ṣọ́bìrì, ó di ilé Ládòkun. Kí wọ́n tó padà dé ibi tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò á ti ya lulẹ̀, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n á sì fi kó erùpẹ̀ tí wọ́n ti kó rí. Oṣù kan kọjá. Ihò márùn-ún ló lanu sílẹ̀ káàkiri ìlú, ewúrẹ́ ti já sí méjì nínú wọn, kò sì sí èyí tó mú omi wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo àwọn tó ṣèlérí fún pàdé lójúde rẹ̀.

"Ràsáàkì, ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀ lónìí o," ni Alájì Àpọ́nlé wí, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀.

"Èmi ló dá ọjọ́ òní fún, Alájì," ni Tíṣà fèsì. Ládòkun àti ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé dúró kí ariwo rọlẹ̀. "Lánàá," ó ní, "obìnrin kan wá bímọ lọ́dọ̀ wa. Tòun ti ìrọbí ló fi ru omi tí a fi wẹ ọmọ rẹ̀ wá láti ilé."

Ràsáàkì lanu, ó fẹ́ sọ pé òun á dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, ni Fàtímọ̀, ìyàwó rẹ̀, bá pè é wọlé.

"Bàbá Àmúdà, ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ tún fẹ́ pín fún ẹni márùn-ún yìí?"

"Kí ni kí n wí fún wọn? Bàbá rẹ wà níbẹ̀."

"Bàbá mi lè dúró, ó ní àwọn ọmọ tó ń pọnmi fún un. Ta ló ń pọn fún aboyún? Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbẹ́ ẹ kan omi, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Kí ẹ sì sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra. Inú á bí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ibi tí wọ́n dúró sí."

Ràsáàkì jókòó sórí àpótí díẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ forí jì mí. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, mi ò sì ṣe ìkankan. Ilé ìgbẹ̀bí ni màá kọ́kọ́ parí. Ilé ìwé ló tẹ̀ lé e, torí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ló kàn, lẹ́yìn náà bàbá mi níhìn-ín. Alájì, tiyín ló kẹ́yìn, torí ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ tó lè lọ gbé omi wá láti Ṣakí."

"Èmi ni mo kẹ́yìn?" Alájì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ó dáa. Màá lọ wá ẹlòmíràn ní Ìgbòho."

"Bí ẹ bá rí i, inú mi á dùn, Alájì. Ẹ má bínú." Kò yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ó gbẹ́ kànga ilé ìgbẹ̀bí láìdáwọ́ dúró, àfi bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìgbà tó jìn dé ibi tí ojú ọ̀run fi kéré lókè, dígà rẹ̀ dún gan-an lórí àpáta. Ó tún gún un, iná ṣẹ́ yọ.

Ìyápọ̀ na ọrùn láti òkè. "Ràsáàkì, ṣé ká lọ gbẹ́ ti ilé ìwé díẹ̀ ná? Ibẹ̀ rọ̀ ju ibí lọ."

Ràsáàkì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kó ju okùn sílẹ̀ fún òun. Nígbà náà ló rántí pé ibi tí ilẹ̀ ti le gan-an ni òun ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ihò yòókù sílẹ̀. Ìlérí tó ń ṣe káàkiri ń fún un ní ibi tó lè sá lọ.

"Rárá," ó ké sókè. "Ju òòlù ńlá àti ìgbẹ́kúta wálẹ̀."

Ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Wọ́n fi garawa fa èérún òkúta sókè, ó tún ń lù. Ní ọjọ́ kẹta tó ti wà lórí àpáta náà, ó fa ègé kan yọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó tutù. Bó ṣe ń wò ó ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bo ọmọ ìka, ó bo ọrùn ẹsẹ̀.

"Ìyápọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ lé e lọ, "fa mí sókè. Omi ti dé."

Àwọn aboyún tó jókòó lábẹ́ igi igbá dìde, wọ́n pagbo yí ẹnu kànga ká. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé gba garawa àkọ́kọ́, omi pupa ni, ó sì fi bọ́ ojú rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ẹnìkan dá orin, ìlú gbọ́ ọ dé ọjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọkùnrin kan ti Ògbòòrò wá, ó fẹ́ kànga lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ràsáàkì ní, "Ó di ẹ̀yìn àwọn tó wà lọ́rùn mi. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ wá ẹlòmíràn." Ọkùnrin náà ní òun á dúró.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, torí wọn kì í ru ẹrù kiri mọ́, ihò kì í sì í ráyè ya. Ti ilé ìwé mú omi wá, àwọn ọmọ fò yí i ká títí Tíṣà fi jẹ́ kí wọ́n tètè lọ ilé. Ti mọ́ṣáláṣí mú omi wá, wọ́n fi ṣe àlùwàlá Jímọ̀ọ̀. Ládòkun fi ti ilé rẹ̀ se ẹ̀bẹ fún àwọn òṣìṣẹ́.

Alájì Àpọ́nlé padà wá láti Ìgbòho lọ́wọ́ òfo. Gbogbo agbẹ́kànga ibẹ̀ ló ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ràsáàkì.

"Ṣé àyè mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Alájì. Ẹ̀yin ló kàn."

Ní ọjọ́ tí kànga Alájì máa kan omi, ó ti rẹ Ìyápọ̀, nítorí náà Alájì bọ́ agbádá rẹ̀, ó di okùn mú, ó sì ń bá a fa erùpẹ̀, òógùn bò ó. Garawa tó gòkè lẹ́yìn ọ̀sán wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Alájì fi ẹnu kàn án, ó mu, ó tún mu, ó sì gbé e fún Ìyápọ̀. Ó tẹ̀ síwájú sí etí ihò náà.

"Ràsáàkì," ó ké pè é nísàlẹ̀, "ó dùn."