Koríko Tí Ilmari Ò Tẹ̀

Téèyàn bá ti pẹ́ lábẹ́ àpáta yẹn, etí ẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Kò ní í gbójú sókè mọ́. Á kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya, ìyẹn ni pé ẹnì kan ti bẹ́ láti orí àpáta lókè lọ́hùn-ún. Á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà á gbọ́ "gbàà", ìyẹn ni pé páráṣúùtù ti ṣí. Tó bá ti gbọ́ "gbàà", á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ó ti lé lógún ọdún tí Bethli ti ń gbọ́ ìró méjèèjì yìí. Ó lè máa fún wàrà, ó lè máa bó pọ̀tétò, ọwọ́ ẹ̀ á kàn dúró díẹ̀ láàárín ìró àkọ́kọ́ àti ìkejì. Òun gan-an ò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ àfonífojì náà ló ń ṣe é.

Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn tó ń fò yẹn o. Ẹyẹ aláìníyẹ̀ẹ́ ló ń pè wọ́n. Gbogbo Yúróòpù ni wọ́n ti ń wá sí Súwísàláǹdì nítorí àpáta kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n á gbé báàgì kọ́yìn, wọ́n á wọ ọkọ̀ tí wáyà ń fà gun òkè, wọ́n á pe àwọn oníhẹlikópítà lórí fóònù pé àwọn fẹ́ bẹ́ o, kí wọ́n má bàa pàdé lójú òfurufú, wọ́n á sì bẹ́. Ìyẹn ò kan Bethli. Ẹni tó bá wù kó bẹ́. Ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí ni ìjà ẹ̀.

Koríko ni ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún yẹn, òjò ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sinmi. Kéèyàn tó lè gé koríko fún ìgbà òtútù, ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra: kó gé e, kó yí i, kó kó o wọ àká. Ọkùnrin tó ni pápá òdìkejì odò rí ọjọ́ mẹ́ta tiẹ̀ nínú oṣù karùn-ún, ó sì gé e, torí náà ibẹ̀ ni wọ́n ní káwọn tó ń fò máa balẹ̀ sí. Ti Bethli ò tíì gbó nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa gbó, òjò ti dé. Oṣù kẹfà fẹ́ẹ̀ parí, koríko Steggmatt, ìyẹn pápá ẹ̀, ti dé ìbàdí èèyàn, oòrùn ò dé.

Ẹ sì mọ̀ pé koríko tútù téèyàn bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í dìde mọ́. Ẹ̀rọ ò ní í lè gé e, á jẹrà síbẹ̀. Tí wọ́n bá sì ṣèèṣì kó o mọ́ èyí tó dáa, màlúù á gbóòórùn ẹ̀, á yíjú kúrò. Màlúù mẹ́rìndínlógún ni Bethli àti Res ọkọ ẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, koríko tán nínú àká, wọ́n ní láti fi méjì ránṣẹ́ sí alápatà. Bethli fọwọ́ ara ẹ̀ tú okùn lọ́rùn wọn. Ó ní òun ò tún ní í ṣe é mọ́ láyé òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wá já bọ́ sí àárín Steggmatt, gbìì. Bethli gbé réèkì lọ bá a.

"Ṣé o rí ohun tó o ṣe?"

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn. Koríko ti sùn lọ gbalaja bí ibi tí ẹran ńlá kan ti yí gbirigbiri. "Ẹ má bínú, ma. Afẹ́fẹ́ ló gbé mi."

"Afẹ́fẹ́ ò ní bàtà. Bàtà ẹ ni mò ń wò. Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

"Ilmari, ma. Ọmọ Finlandi ni mí."

"Wọn ò ní màlúù ní Finlandi?"

"Wọ́n ní, ma. Bàbá mi ní mẹ́fà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún wá dáná sí i. "O mọ̀, o sì ṣe é. Ẹni tí ò mọ̀ sàn jù ẹ́ lọ."

Ilmari bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rọra ká aṣọ páráṣúùtù ẹ̀, ó ń gba ojú ibi tó ti bàjẹ́ nìkan jáde, bí ẹni tó ń rìn nínú ilé tí ọmọ ti ń sùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, káfíńtà ni nílé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó padà wá láàárọ̀, ó ní kí Bethli fún òun níṣẹ́.

Bethli ò fojú rere wò ó, àmọ́ ó gbé dòjé ọlọ́wọ́ gígùn lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ilé wọn, ilẹ̀ dagun débi pé ẹ̀rọ ò lè gùn ún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé koríko ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi kọ́ orí igi kí afẹ́fẹ́ lè mú kó gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ilmari fi gé e. Ọ̀sán kọ̀ọ̀kan, ó ń jókòó sí tábìlì wọn, ó ń jẹ pọ̀tétò dídín àti wàràkàṣì, ó ń mu kọfí bí omi.

"Eléyìí mọ dòjé mú jù mí lọ," Res ní.

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n mú jù ẹ́ lọ?" Bethli dá a lóhùn. Ilmari rẹ́rìn-ín débi tí kọfí gba imú ẹ̀ jáde.

Orí tábìlì yẹn náà ni Res ti dá a lábàá. Ó ní kí àwọn gé ibì kan láàárín Steggmatt fún àwọn tó ń fò, kékeré, bí ìwọ̀n ilé méjì, nítorí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá yí padà tí ẹnì kan ò bá lè dé òdìkejì odò.

"Oúnjẹ màlúù kan fún odindi oṣù kan nìyẹn," Bethli ní. "Èwo nínú wọn ni kí n lọ bá sọ ọ́? Ìwọ lọ sọ fún un."

"Bethli, èèyàn ni wọ́n."

"Ta ló ní kí wọ́n bẹ́?"

Ilmari ló bá a gbè. "Òótọ́ ni Màmá sọ. Àwa la wá bá yín níbí, ẹ̀yin kọ́ lẹ pè wá." Ó yíjú sí Bethli. "Màmá, tí mo bá tún tẹ koríko yín, ẹ fi dòjé yẹn gé ẹsẹ̀ mi."

"Kí ni kí n fi ẹsẹ̀ ẹ ṣe? Màlúù ò jẹ ẹ́." Bethli ń gé wàràkàṣì lọ. "Odò wà níbẹ̀. Òkúta wà níbẹ̀. Ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o balẹ̀ sí, kì í ṣáà ti í ṣe orí oúnjẹ màlúù mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Kó tó lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ilmari ri igi yí Steggmatt ká, ó na ríbọ́ọ̀nù pupa àti funfun sára wọn. Ó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lábẹ́ tẹ́ǹtì wọn, ó ṣàlàyé. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kan koríko náà. Bethli á lọ dúró sétí ẹ̀ láràárọ̀, á fọwọ́ pa orí ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, rédíò ní oòrùn máa yọ láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé. Ọjọ́ mẹ́ta gééré. Bethli fi epo sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó ń kọrin.

Lọ́jọ́rú, afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń ti ìhà gúúsù wá láti àfẹ̀mọ́júmọ́, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí orí òkè dà bí ẹni pé ọwọ́ lè tó o. Bethli jókòó sétí Steggmatt, ó ń pọ́n abẹ ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ ìró àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Gbàà" náà dún, àmọ́ ìró míì tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò ìyẹ̀fun mọ́ ògiri.

Bethli gbójú sókè. Páráṣúùtù aláwọ̀ ọsàn ni, ó sì mọ ẹni tó ni ín. Ó ti ṣí tán o, àmọ́ ara àpáta ló kọjú sí. Ó rí Ilmari tó fi ẹsẹ̀ ti ara ẹ̀ kúrò lára òkúta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí okùn lọ́ mọ́ra, tí ó ń yí bọ̀ bí ewé. Nígbà tó fi máa tú okùn náà tán, ó ti wálẹ̀ púpọ̀, kò ga ju ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì lọ mọ́. Òdìkejì odò ti jìnnà sí i. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò ju Steggmatt lọ, koríko tó ga, tó tutù, tó nípọn bíi bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀ lọ salalu. Kó kàn jókòó lé e ni.

Bethli rí i tí orí ẹ̀ yí sí apá odò. Ó mọ ohun tó ń rò.

Ó dìde, ó lọgun pé kó balẹ̀ síbẹ̀, pé kó balẹ̀ sínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e lọ síbòmíì. Ilmari fa okùn ọwọ́ òsì. Ó ń bọ̀ lórí koríko náà, ó ń sún mọ́lẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí bàtà ẹ̀ kan orí koríko, ó ká orúnkún ẹ̀ mọ́ àyà. Báyìí ló ṣe ré gbogbo Steggmatt kọjá. Ó ré ríbọ́ọ̀nù kọjá. Òkúta tí wọ́n tò sétí odò ló gbà á.

Bethli sáré. Ìgbà tó dé ọ̀hún ló tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti yí po, pé etí ríbọ́ọ̀nù lòun sáré gbà, tí òun ò gba àárín koríko. Ọ̀nà yẹn jìn ní ìlọ́po méjì.

Ilmari ṣì ń mí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àmọ́ kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bethli ò mọ ibi tó lè dì mú lára ẹ̀ tí ò ní í dùn ún, ló bá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà. Ewé koríko kan ò sí níbẹ̀. Kí hẹlikópítà tó ń bọ̀ wá gbé e tó balẹ̀ sí òdìkejì odò, ẹ̀mí ti bọ́ lára ẹ̀.

Lọ́sàn-án, Zurbuchen ọlọ́pàá wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀. Ìṣojú Bethli ló ṣe dàgbà.

"Ma, ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kí ló dé tí ò balẹ̀ sínú koríko. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ó sì ti wà lórí ẹ̀ tán."

"Afẹ́fẹ́ ni," Res sáré sọ. "Afẹ́fẹ́ òní burú."

"Èmi ni mo ní kó má balẹ̀ síbẹ̀," Bethli ní. "Mo ní kó lọ balẹ̀ sórí òkúta. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Zurbuchen wo Res, ó wo ìwé ẹ̀. "Ma, kò sí àyè ẹ̀ níbí. Nǹkan mẹ́ta ló wà: afẹ́fẹ́, ohun èlò, àṣìṣe ẹni tó fò."

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Ma."

"Mo ní èwo ni tèmi."

Zurbuchen yọ bírò jáde. Ó kọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó dé fìlà ẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, oòrùn yọ bí rédíò ṣe sọ. Kò sí kùrukùru kankan. Res ti gbé ẹ̀rọ jáde, ó ń dúró de ìyàwó ẹ̀ kó sọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀, Bethli sì dúró sétí pápá, ó ń wo òkúta etí odò.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Ilmari dé, mọ́kànlá, wọ́n mú òdòdó dání. Etí odò ni wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá la Steggmatt kọjá, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Wọn ò là á. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù, wọ́n gba inú èsìsì tó hù sétí pápá. Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí méjì nínú wọn, èsìsì ti na ẹsẹ̀ wọn pọ́n.

"Ẹ gba àárín," Bethli ní.

Ọmọbìnrin kan tó ṣáájú, Jorunn, ọmọ Nọ́wè, mi orí. "Rárá, Màmá. Ilmari ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nínú wa, kó má pe òun lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó sọ ti màlúù yín méjì fún wa. Ẹ má dààmú, a ti mọ̀."

Wọ́n ń lọ nínú èsìsì yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bú u. Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fojú burúkú wò ó, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá mọ ohun tó máa sọ.

Bethli sọ ríbọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó wọnú koríko. Ó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, apá ọ̀tún, apá òsì, kò kánjú, bí ẹni ń po amọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ibi òkúta, ó yí padà, ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀, títí tí ọ̀nà náà fi fẹ̀ tó fún èèyàn méjì. Res pa ẹ̀rọ.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," Bethli ní. Èémí ẹ̀ ò délẹ̀. "Kò lè dìde mọ́. Ẹ máa bọ̀."

Jorunn wo koríko náà, ó wo ojú Bethli. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e, àwọn tó kù sì bọ́ tiwọn.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, koríko tún tán nínú àká, Bethli tú okùn lọ́rùn màlúù kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí.