Ààrò Onípele ní Orhuwhorun

Babáyẹmí kì í kánjú. Ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, ló ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ: pákó méjì kò gbọdọ̀ pàdé kí àlàfo wà láàárín wọn. Yóò fi òwú dí i, yóò fi ọ̀dà dúdú lé e, yóò tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tukọ̀ lágbègbè Warri ló mọ̀ pé ọkọ̀ tí Babáyẹmí bá kàn, omi kì í wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, nígbà tí ìjà Ijaw àti Itsekiri gba gbogbo ẹnu odò, tí ìbọn ń dún láti abúlé dé abúlé, ta ló ń ra ọkọ̀? Babáyẹmí àti àbúrò rẹ̀ Rebecca, opó tó ń ṣòwò ẹja, sá kúrò létí omi. Wọ́n gba yàrá kan ní Orhuwhorun, nítòsí Warri, nínú àgbàlá obìnrin Urhobo kan tí wọ́n ń pè ní Mama Ejiro. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí kó bọ̀ ni ẹja bóńgà tó kún ọkọ̀ wọn dé ẹnu. Bí wọ́n bá yan ẹja náà tó gbẹ, wọ́n á rí ohun bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun ní Warri. Bó bá bàjẹ́, àfi kí wọ́n padà sílé, sí Ìgbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, lọ́wọ́ òfo.

Yìnyín tí wọ́n fi tọ́jú ẹja náà ti yọ́ tán. Igi ìdáná sì ti di ohun àwárí, nítorí odò náà ni igi ń gbà wọ̀lú. Ìwọ̀nba tí wọ́n rí kò lè yan ìdajì ẹja yẹn lórí ààrò fífẹ̀ tí àwọn Ìlàjẹ mọ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ́ ẹja lé lórí ní ìpele kan péré, tí ooru yòókù á sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," Rebecca sọ, "ẹ wo iná. Ṣé ẹ rí i pé òkè ló ń sá lọ? Bí a bá to àtẹ lé àtẹ, iná kan náà á kárí gbogbo wọn."

"Ta ló ń to ẹja bí ẹni ń to ìwé?"

"Èmi ni. Obìnrin Gáná kan ṣe é lójú mi rí. Ẹ sáà bá mi kan férémù rẹ̀."

Adégbénró, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta pákó àti irin ní Deco Road, ló gbé pákó, wáyà àti páànù wá. Òun fúnra rẹ̀ tún jókòó, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kó máa wo nǹkan tí wọ́n ń kàn. Mama Ejiro yọjú láti ilé ìdáná.

"Oga, na who die? Na coffin be dis?"

"Na fish get am," Adégbénró dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí Babáyẹmí, tí òun máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè. "Bàbá Ìlérí, mo gbọ́ pé iná mànàmáná ń tàn ní Ayétòrò yín nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Ẹ̀rọ wà lóòótọ́," Babáyẹmí wí, ó ń fi ayùn rẹ́ pákó lọ. "Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan kọ́. Àwa tí à ń kan ọkọ̀ mọ ààyè wa, àwọn tó ń hun aṣọ mọ tiwọn, àwọn apẹja mọ ìgbà tí wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnìkejì lásán. Ètò ló ń wa ẹ̀rọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni epo pupa," Adégbénró gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá mi àgbà sọ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ẹyìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfúnpo onírin dé, ẹyìn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í sun epo sí i. Igi ọ̀pẹ kò pọ̀ sí i o, ṣùgbọ́n ọrọ̀ wọ orílẹ̀-èdè. Gbogbo ìlú tó bá ti là, ẹ wò ó dáadáa: ẹnìkan ló jókòó ti ohun kékeré kan títí ó fi yé e."

Babáyẹmí mi orí. Ó mọ ògiri amọ̀ kúkurú, ó dá ẹnu sí i fún igi, ó to àwọn férémù onísàlẹ̀ wáyà lé e, ó fi páànù bò ó. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí àwọn àlàfo tó wà láàárín férémù. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó fi àkísà àti amọ̀ dí gbogbo rẹ̀, títí kan etí páànù, nígbà tí Rebecca ń fọ ẹja. Wọ́n to agbọ̀n ẹja àkọ́kọ́ sí i, wọ́n dáná. Èéfín kankan kò yọ lókè. Inú Babáyẹmí dùn bíi pé ọkọ̀ tuntun ló tì sómi.

Ìgbà tí wọ́n ṣí i, ooru omi gbígbóná bù sí wọn lójú. Ẹja funfun, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Rebecca di orí ọ̀kan mú. Orí nìkan ló tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti se ọbẹ̀!"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn agbọ̀n tó kù wà nínú ibòji, ṣùgbọ́n ikùn ẹja ti ń rọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi ṣú, ó parí nìyẹn.

Babáyẹmí kò lè wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó yí páànù náà dojú sókè. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó fi ìka kan án, ó fi pa àtàǹpàkò lára. Láti kékeré ló ti ń lé omi kí ó má wọlé. Omi tibí yìí, inú ẹja ló ti ń bọ̀, ó ń wá ọ̀nà àtijáde, òun sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ààrò kì í ṣe ọkọ̀," ó wí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" Adégbénró bú sẹ́rìn-ín.

Babáyẹmí fa àkísà yọ. Ó gé ojú ihò kan sẹ́yìn páànù lókè, òdìkejì ẹnu tí igi ń gbà wọlé nísàlẹ̀. Ó tan bébà kan sí ẹnu ààrò. Èéfín rẹ̀ tẹ̀, ó wọlé, ó gun òkè, ó jáde lẹ́yìn. Ó fi bíríkì bo ìdajì ihò náà: iná rọlẹ̀. Ó ṣí i: iná fò sókè. Ó tún bò ó, ó tún ṣí i, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀.

"Ẹ fi eré sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká to ẹja!" Rebecca ti dìde.

Síbẹ̀, igi kò tó. Obìnrin Ijaw kan àti obìnrin Itsekiri kan wà nínú àgbàlá náà, àwọn náà sá wá, àwọn náà ní igi díẹ̀ àti agbọ̀n ẹja. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, wọn kò kí ara wọn. Rebecca dúró láàárín wọn.

"Bring your wood, take one tray. Tray wey dey down go climb up, everybody go reach fire."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé igi wá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè dá àtẹ gbé lórí iná. Ẹni méjì ló ń gbé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkángun. Nígbà tó tó àkókò láti pààrọ̀ wọn, àwọn obìnrin méjì tí kì í kí ara wọn yẹn ló wà nítòsí.

"Raise am now!"

"I don raise! Na you dey sleep!"

"See who dey talk sleep!"

Àtẹ gòkè, òmíràn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń bú ara wọn lọ láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró. Babáyẹmí ń wo Rebecca tó ń fi ọwọ́ tọ́ka: èyí sókè, èyí sísàlẹ̀, din iná kù. Ó rántí àwọn àgbà Ayétòrò níbi iṣẹ́, ó sì rí i pé àbúrò òun kò kéré sí ìkankan nínú wọn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹja ti pọ́n bí wúrà, igi sì kù nílẹ̀. Mama Ejiro ti ń fi apá wọn ibi tí wọ́n máa mọ ààrò tirẹ̀ sí. Rebecca ń to ẹja sínú agbọ̀n, ó ń dárúkọ àwọn oníbàárà tí òun máa ránṣẹ́ sí láàárọ̀ fún Adégbénró.

"Ìgbókọ̀dá ńkọ́?" Babáyẹmí bi í.

"Ẹ máa kí wọn fún mi bí ẹ bá ń lọ."

Babáyẹmí mú ẹja kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó dún pàù. Ó jókòó ti gàrí rẹ̀, ó sì jẹ ẹja náà tegungun-tegungun.