Ikùn Tí Kò Yẹ Kí A Tẹ̀

Ní ọjọ́ kọkànlá tí Àdúràgbèmí bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ fi aṣọ ìnura àti omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀ tí àwọn dókítà là, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú àwa tí a mọ̀ tó sọ fún un pé wọ́n là á.

Èmi wà nínú àwọn tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀.

Iṣẹ́ másáàjì ni mò ń ṣe. Awoyaya ni mò ń gbé, ọkọ mi sì jẹ́ bíríkìlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tí kò lè bẹ̀rẹ̀ bọ́ bàtà, màá ní kó da ojú bolẹ̀ lórí ẹní, màá fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti le, màá sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tú. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn obìnrin àdúgbò ní iṣẹ́ aṣẹ́wó ni. Mo gbọ́, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá obìnrin kan ní Ajah, ó fi oṣù mẹ́ta kọ́ mi ní bí iṣan ṣe tò àti ibi tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé. Mo ti ta gààrí rí, mo ti gbálẹ̀ ọ́fíìsì rí. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ṣe rí tó jẹ́ pé bí ara ẹni tí mo fọwọ́ rà bá dẹ̀, ara tèmi náà á dẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìyẹn lọ láti sọ nípa rẹ̀.

Babájídé Odùkọ̀yà jẹ́ oníbàárà mi. Ọ́fíìsì ló ń jókòó sí ní èbúté Lẹ́kí, ọrùn sì máa ń dùn ún, torí náà mo máa ń lọ bá a nílé ní ẹ́sítéètì VGC lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó pè mí.

"Àǹtí, ìyá mi ti dé láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn Àdúràgbèmí. Wọn ò gbọdọ̀ ṣe é."

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Màmá ò mọ̀. A sọ fún wọn pé ó bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù, láìsí abẹ."

"Ẹ wá sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Ẹ ò mọ Màmá. Wọ́n á ní ìyàwó mi ò nígbàgbọ́. Ẹ̀yin ẹ kàn wá máa ṣe bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ti rí i pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló wà níbẹ̀, wọn ò ní bá yín dù ú."

Inú bí mi. Ọwọ́ tí mo fi oṣù àti ọdún kọ́, òun ló fẹ́ kí n fi ṣeré ọmọdé níwájú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mi ò bá lọ, ìyá náà yóò tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ kẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀. Nínú balùwẹ̀, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Màá ki aṣọ ìnura bọ omi, màá fún un, màá jẹ́ kó tutù, màá wá gbé e lé òkè ìdodo. Àdúràgbèmí yóò di ìró rẹ̀ mú nísàlẹ̀ kí pílásítà ojú ọgbẹ́ má baà hàn. Màmá Odùkọ̀yà, tó máa ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Fàtíù, ṣé ọwọ́ ẹ nìyẹn? Bí ẹni tó ń nu tábìlì."

"Díẹ̀díẹ̀ ni, Màmá."

"Nígbà tí mo bí Babájídé, ìyá mi tẹ̀ mí débi pé mo bú u. Ó ní kí n bú u dáadáa, òun ò tíì parí."

Àdúràgbèmí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún lójú ọgbẹ́, mo rí i tó fi eyín di ètè.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, "Sọ fún wọn."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, wọn ò yìn mí rí. Ìsinsìnyí ni wọ́n ń yìn mí. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ."

Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Babájídé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí. Màmá fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ó ní ìyàwó òun kò mọ ìrora, ó ní ọmọ náà yọ̀ jáde bí ẹni tó wà lórí òróró. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó dùn, kò sì sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀ àfi orúkọ ọmọ, Ìrètí. Obìnrin tí wọ́n là, tí wọ́n rán, tó sì dìde lọ́jọ́ kejì láti fún ọmọ lọ́yàn, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún un. Irọ́ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ní ọjọ́ kọkànlá, kóòdù tí Babájídé máa ń fi ránṣẹ́ sí mi láti fi wọ ẹ́sítéètì kò wá. Samson tó ń ṣọ́ géètì ní, "Àǹtí, èmi mọ̀ yín, ẹ̀rọ ni ò mọ̀ yín." Mo pe Babájídé, kò gbé e. Mo pe Àdúràgbèmí. Màmá ló gbé e.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu, Ìyá Fàtíù. Padà sílé. Omi ti hó, èmi fúnra mi á ṣe é lónìí."

"Màmá, ẹ dúró dè mí."

"Kí ni mo ń dúró dè? Ìwọ lo bí i ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má tẹ ikùn yẹn."

"Nítorí kí ni?"

Ó béèrè, ó sì dákẹ́ kí n dáhùn. Gbólóhùn kan ni, ó wà lẹ́nu mi. Mo rántí ìlérí mi. Tí mi ò bá ní purọ́, mo tún rántí pé Babájídé ló mú mi mọ oníbàárà mẹ́rin mìíràn ní VGC. Mo ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dé." Ó ní ó dàbọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí kóòdù tó wọlé. Mo sáré. Nígbà tí mo dé, Màmá ń da omi nù, inú rẹ̀ dùn.

"Ó ké díẹ̀, ó di ìró ẹ̀ mú pinpin. Gbogbo wọn ló ń ké."

Àdúràgbèmí ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìró rẹ̀ tutù, kì í sì í ṣe omi nìkan. Mo ká a sókè. Màmá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka kan kan etí pílásítà náà.

"Kí lèyí?"

Àdúràgbèmí di ojú. Ìgbà náà ni mo tó sọ ọ́ pé wọ́n là á.

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o sì ń fi aṣọ nù ún níwájú mi." Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé mi ò ní gbà? Èyí tí mo lóyún rẹ̀ gbẹ̀yìn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ní kí n wá ṣe. Kò sí owó. Inú mi ló kú sí."

Babájídé bá mi lójú ọ̀nà ọsibítù tí a gbé Àdúràgbèmí lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. "Àǹtí, ohun tí a tìtorí ẹ̀ gbà yín nìyí, kó má ṣẹlẹ̀."

"Rárá o. Irọ́ lẹ gbà mí fún, mo sì ṣe é dáadáa."

Ojú rírán tó wà lára ilé ọmọ nínú ti já, ó sì ti gba kòkòrò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àdúràgbèmí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó má baà kú. Kò ní bí òmíràn mọ́.