Ọgbọ̀n Ọjọ́ Láìfọhùn

0

…kókó kẹta nínú ìwàásù náà ni ohùn mi já. Kókó mẹ́rin ni mo ní. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn ọmọ ìjọ rò pé mo dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní, "Àmín." Mo tún la ẹnu. Wọ́n tún ní, "Àmín."

Ìyàwó mi nìkan ló dìde.

ÌWÉ ÌBÉÈRÈ, ILÉ ÌWÒSÀN Ọ̀FUN
(bírò ni mo fi dáhùn)

Iṣẹ́: *Pásítọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ìjọ kan ṣoṣo.*
Wákàtí tí ẹ fi ń sùn: *Mẹ́rin. Tí fóònù kò bá dún, márùn-ún.*
Oúnjẹ ọ̀sán: *Nínú mọ́tò.*
Ìgbà tí ẹ gba ìsinmi kẹ́yìn: *Nígbà tí màmá mi kú. Ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo wàásù níbi ìsìnkú.*
Ẹni tí ẹ máa ń sọ ìṣòro yín fún:

Dókítà fi bírò pupa yí àyè tó ṣófo yẹn po.

ÌWÉ DÓKÍTÀ

Okùn ohùn ti wú, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 178 lórí 112.
Ọgbọ̀n ọjọ́. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ kọrin. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí gan-an ló burú jù. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Kó máa sùn.

Mo kọ ọ́ sórí bébà pé, *Àdúrà ńkọ́?*
Ó kà á. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé etí Ọlọ́run náà ń dùn ún ni?"

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ÀWỌN ALÀGBÀ

Alága ka ìwé dókítà. Alàgbà kan béèrè bóyá ọgbọ̀n ọjọ́ lè di mẹ́rìnlá. Alàgbà mìíràn béèrè bóyá pásítọ̀ lè máa jókòó sórí pẹpẹ láìsọ̀rọ̀, kí àwọn èèyàn ṣáà máa rí i. Màmá kan láàárín wa ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí sinmi." A kọ ọ́ sílẹ̀. A kò dìbò lé e.

ÌKÉDE, LẸ́NU Ọ̀NÀ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

PÁSÍTỌ̀ WÀ NÍ ÌSINMI.
Ẹ má pè wọ́n. Ẹ má lọ sílé wọn.
Fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ẹ pe igbákejì pásítọ̀.
Fún pàjáwìrì tó le gan-an, ẹ pe pásítọ̀.

ỌJỌ́ 2

Mo sùn fún wákàtí mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo jí, ìyàwó mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àyà mi bóyá ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀.

"Ẹ kú oorun, Pásítọ̀," ni ó wí.

Nínú ilé pàápàá, Pásítọ̀ ni ó ń pè mí.

ỌJỌ́ 5

Mo ka àwọn ìwé ìwàásù mi. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo ti wàásù lórí ìsinmi. Wọ́n dára. Mo rántí pé mi ò sùn ṣáájú ìkankan nínú wọn.

ỌJỌ́ 6

*Ọmọbìnrin wa pè láti iléèwé nọ́ọ̀sì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí.*

ỌMỌ: Dádì, ẹ fi ìka kan fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?
ÈMI: •
ỌMỌ: Ẹ ti jẹun?
ÈMI: •
ỌMỌ: Ẹ jókòó jẹ ẹ́?
ÈMI: •
ỌMỌ: Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?
ÈMI:
ỌMỌ: Dádì?
ÈMI: • •
ỌMỌ: Irọ́ ni.
ÈMI: •

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ́ tó báyìí láti ìgbà tí òun ti wọlé ẹ̀kọ́. Mo wo fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni.

IYE ÀTẸ̀JÍṢẸ́ TÓ WỌLÉ

Ọjọ́ 1: 214
Ọjọ́ 2: 131
Ọjọ́ 4: 40
Ọjọ́ 7: 9 (méje nínú wọn ń béèrè nọ́ńbà igbákejì mi)
Ọjọ́ 9: 1 (iléeṣẹ́ tẹlifóònù ló kí mi kú oríire)

ỌJỌ́ 10

Mo fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀.

ỌJỌ́ 11

Ọ̀sán Sátidé. Awakọ̀ kan nínú ìjọ wa pè, ẹkún ló ń sun. Ìyàwó rẹ̀ ti ń kó ẹrù. "Pásítọ̀, ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀kan péré."

Mo wọ balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn. Mo ṣí omi kí ìyàwó mi má bàa gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo tutọ́ sínú básíà, pupa ni.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Òótọ́ ni. Òótọ́ kejì rèé: inú mi dùn pé ẹnì kan tún nílò mi.

(Ìyàwó awakọ̀ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ.)

ÌWÉ DÓKÍTÀ, ÈKEJÌ

Ẹ padà sí ọjọ́ kìíní. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n tó bá tún ṣẹlẹ̀, ohùn yìí lè má padà wá mọ́. Ta ni yóò máa pè yín nígbà náà?

ỌJỌ́ 1

Ìyàwó mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti gbọ́ omi náà.

ỌJỌ́ 4

Mo lọ sí ọ́fíìsì mi láti mú awò ojú mi. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí ṣófo. Mo jókòó sórí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Ìwé àwọn tó fẹ́ rí pásítọ̀ wà lórí tábìlì akọ̀wé. Mo ń ṣí i lásán ni. Ní ojú ewé ti ọdún méjì sẹ́yìn, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé kan tí mo mọ̀. Orúkọ ìyàwó mi ni, àti ti bàbá rẹ̀, bí ó ṣe ń jẹ́ kí n tó fẹ́ ẹ.

| Ọjọ́ | Ọ̀rọ̀ | Àbájáde |
|---|---|---|
| 4, oṣù kẹta | Nípa ọkọ mi | Àyè ti kún. Kó padà wá. |
| 11, oṣù kẹta | Nípa ọkọ mi | Pásítọ̀ wà ní ìpàdé. |
| 18, oṣù kẹta | Nípa ọkọ mi | Ó dúró títí di aago mẹ́ta. Ó lọ. |

Ní oṣù yẹn, akọ̀wé wa wà ní ìsinmi. (Akọ̀wé máa ń gba ìsinmi.) Ẹni tó wá dipò rẹ̀ kò rí ìyàwó mi rí.

ỌJỌ́ 4, ÌRỌ̀LẸ́

*Mo gbé ìwé náà wálé. Mo ṣí i síwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀.*

ÒUN: Ẹ ti rí i.
ÈMI: [ ]
ÒUN: Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i.
ÈMI: *(lórí bébà)* Kí lo fẹ́ sọ fún un?
ÒUN: Fún ta?
ÈMI: *(lórí bébà)* Fún pásítọ̀.
ÒUN: Pé ọkọ mi kì í sùn. Pé ó máa ń wọlé, yóò kí mi bí ẹni ń kí àlejò ìjọ. Pé mo ń bẹ̀rù pé orí pẹpẹ ni yóò ti ṣubú lọ́jọ́ kan. Ìyá mi ti kú. Àwọn obìnrin ìjọ ńkọ́? Tí mo bá sọ fún ẹnì kan, gbogbo wọn ti gbọ́ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ní pásítọ̀ tí wọ́n lè lọ bá. Èmi, ibo ni kí n lọ?
ÈMI: [ ]
ÒUN: Mo wá ronú pé kí n ṣáà tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù.
ÈMI: [ ]
ÒUN: Ẹ má sunkún. Ọ̀fun yín.

ỌJỌ́ 13

*Àwọn nǹkan tí ìyàwó mi ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí mi ò mọ̀:*

Pé ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Pé ohùn òun náà máa ń lọ ní ìparí gbogbo táàmù, kò sì sí dókítà tó fún òun ní ọgbọ̀n ọjọ́.

Pé ọ̀gá iléèwé rẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì há inú irun, yóò wá máa wá a kiri, yóò sì fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ.

Pé kò fẹ́ràn ìjókòó ìlà iwájú. Ọdún mẹ́tàdínlógún.

Pé wọ́n gbà á sí yunifásítì nígbà kan. Ọ̀sẹ̀ ìsọjí ni ìwé náà dé. Ó fi sínú dúrọ́ọ̀.

Pé mo máa ń súfèé tẹ́lẹ̀.

ỌJỌ́ 16

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, aago méjì ọ̀sán:

*Mo ti kúrò níléèwé. Kí n ra búrẹ́dì? Ṣé o ti sùn?*

ỌJỌ́ 16, LẸ́YÌN ÌṢẸ́JÚ KAN

*O.* Kì í ṣe *ẹ*.

Láti ìgbà tí ìjọ ti gbà mí ni ó ti ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kò yẹ kí àwọn èèyàn gbọ́ kí òun máa pe pásítọ̀ wọn ní ìwọ. Níta ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó bá wa wọlé.

Mo kọ padà pé kó ra búrẹ́dì. Mi ò sọ nǹkan kan nípa *o*. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá tọ́ka sí i, yóò ṣàtúnṣe.

ỌJỌ́ 22

Ọjọ́ Ìsinmi ni orúkọ rẹ̀. Ìsìn mẹ́ta ni mo máa ń darí lọ́jọ́ náà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí ẹnì kankan kò ti mọ̀ mí. Mo jókòó sẹ́yìn. Ìwàásù náà gùn. Mo sùn lọ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí mi. Wọ́n fún mi ní káàdì.

> ÀLEJÒ WA, Ẹ KÁÀBỌ̀
> Orúkọ:
> Iṣẹ́: ~~Pá~~ Ọkọ olùkọ́
> Kí la lè bá yín gbàdúrà lé lórí: Kí ẹnì kan ṣáà gbàdúrà fún mi.

Màmá àgbàlagbà kan tó ń gba káàdì ka tèmi. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ náà gbóná. Àdúrà náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo gbìyànjú láti rántí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi kẹ́yìn. Mo dé ilé, mi ò tíì rántí.

LẸ́TÀ ÀWỌN ALÀGBÀ (ó dé ní ọjọ́ 27)

Pásítọ̀ wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìsinmi yín. Àwọn ètò tó ń dúró dè yín nìyí:
Ìsìn ìdúpẹ́. Ìsìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta.
Àwọn tó fẹ́ rí yín: ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti forúkọ sílẹ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn kó tó di Ọjọ́bọ̀.

*(Nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò, ọwọ́ ẹlòmíràn):* Pásítọ̀, ẹ lè kọ̀ o. Màmá tí wọn ò dìbò lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

ỌJỌ́ 30

Ọ̀la ló yẹ kí n padà sí ilé ìwòsàn. Dókítà pè, ó ní àyè ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí náà mo dá lọ. Ó fi iná wo ọ̀fun mi. Ó ní kí n ní, "Áà."

Mo ní, "Áà."

Ohùn mi ni. Ó fúyẹ́, ó dà bíi ti ẹlòmíràn tó bá mi tan.

"Wákàtí kan péré lóòjọ́ fún oṣù yìí," ni dókítà wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa ná an fún."

Mi ò bá awakọ̀ takisí tó gbé mi padà sọ̀rọ̀. Mi ò pe alága. Mi ò pe ọmọ mi.

ỌJỌ́ 30, AAGO MẸ́TA Ọ̀SÁN

Ìyàwó mi dé láti iléèwé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé omi kaná. Mo jókòó sídìí tábìlì. Lẹ́tà wọn wà nínú àpò mi.

Ó ń sọ̀rọ̀ kó tó jókòó. Ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀, èyí tó kéré jù, kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn ìgbà eré. Ó dúró sídìí ògiri, ó ní òun ń sinmi. Ọ̀gá iléèwé jáde sí i. Igbákejì ọ̀gá jáde sí i.

Ó da omi sínú ife méjì.

"Ọ̀la ni dókítà, àbí?" ni ó wí. "Ó ṣeé ṣe kó ní kí o máa sọ̀rọ̀."

Kò wò mí. Ó ń ro ṣúgà.

"Inú mi yóò dùn."

Ó ń ro ṣúgà náà lọ. Ó ti yọ́ pátápátá.

"Wọn á sì tún gbà ẹ́ lọ," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní, "Ọmọ yẹn ṣá. Gbogbo wa ti yí i ká báyìí, èmi náà ti jáde."

Mo la ẹnu.

Mo pa ẹnu dé mọ́ ohùn náà, mo fa bébà sọ́dọ̀. Mo kọ ọ́ pé,

*Kí ló wá ṣẹlẹ̀?*