Ẹsẹ̀ Kejì Ẹyẹ Náà

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alákìísà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Léèsì tó ti pọ́n bíi tíì, aṣọ tábìlì àtijọ́ tí wọ́n fi òwú ya òdòdó sí, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fi nulẹ̀ ni òun ń rù wálé. Á fọ̀ wọ́n, á gé wọn, á rán wọn mọ́ra títí wọn ó fi di àwòrán tó ga ju èèyàn lọ.

Lọ́dún yìí, wọ́n gbà á láyè láti kó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìṣàfihàn kan. Èyí tó tóbi jù jẹ́ igbó: léèsì ni ewé rẹ̀, àwọn ẹyẹ rẹ̀ sì ti ara aṣọ tábìlì kan wá.

Lọ́jọ́ kẹta, ó wà ní yàrá ẹ̀yìn nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ̀ṣọ́: "Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ó sáré jáde. Ìyá àgbà kan ti wọ́ àga ẹ̀ṣọ́ dé iwájú igbó náà, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó fi gíláàsì sójú, ó ń rán ẹsẹ̀ fún ẹyẹ kan.

"Màmá, ẹ káàsán o. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń parí iṣẹ́ mi ni." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí tí mo rán ẹyẹ yìí. Ó ku ẹsẹ̀ kan ni ìyá mi ní kí n wá gbé àbúrò mi. Ìgbà tá a kó kúrò nílé yẹn, n ò rí aṣọ náà mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín ni?"

"Wo ojú ẹ̀. Ta ló tún lè rán ojú ẹyẹ kó rí bíi bọ́tìnnì? Ìyá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí!"

"Àǹtí, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ o," ni ẹ̀ṣọ́ ń bẹ̀bẹ̀. "Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi lọ yìí."

Inú kọ́kọ́ bí Alákìísà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn gan-an ló mú un yan ẹyẹ náà. Àmọ́ ó wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde, tí ọwọ́ ìyá ò gbọ̀n rárá, ìbínú sì fò lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, òwú yín ti fẹ́ tán. Ṣé kí n mú pupa wá?"

"Ẹyẹ wo lẹsẹ̀ ẹ̀ pupa níbí? Dúdú ni kó o mú wá."

Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Màmá rán an tán, Alákìísà pààrọ̀ ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Ó kọ orúkọ ìyá sókè, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Màmá kà á, ó mi orí, ó sì sún mọ́ ògiri.

"Ewé yìí ńkọ́? Ta ló rán an mọ́bẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"O kú iṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà ò lè wà níbí kí ewé ó wọ́. Wá sílé mi lọ́la."

Ó lọ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ti wà lójú fèrèsé, wọ́n ń rán, wọ́n ń tú, wọ́n tún ń rán, Màmá sì ń bá a wí bí ẹni pé òun ló bí i.